Kilpeck àti Blythburgh: Owó Ta Ló Kọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Abúlé?

Ṣọ́ọ̀ṣì méjì kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n kan náà. Ọ̀kan wà ní Kilpeck, abúlé kékeré kan ní Herefordshire, nítòsí ààlà ilẹ̀ Wales. Èkejì wà ní Blythburgh ní Suffolk, létí irà odò Blyth, níbi tí odò náà ti kù díẹ̀ kó dé òkun. Abúlé ni ibi méjèèjì lónìí. Ìsìn kan náà ni wọ́n kọ́ wọn fún, láyé ìgbà tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń tẹ̀lé Póòpù. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti ọ̀kan jáde tó sì wọ èkejì yóò rò pé ẹ̀yà ènìyàn méjì tí kò mọ ara wọn rí ló kọ́ wọn. Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ló là wọ́n láàárín, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ohun tó fà á jù lọ ni ẹni tó san owó iṣẹ́.

Kilpeck ni ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ó pín ilẹ̀ fún àwọn jagunjagun tó bá a débẹ̀. Kilpeck bọ́ sọ́wọ́ William fitz Norman, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú Domesday, ìwé tí ọba fi ṣe àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti ohun ìní gbogbo ní 1086. Hugh, ọmọ rẹ̀, fi ṣọ́ọ̀ṣì Kilpeck ta àwọn mọ́ńkì Gloucester lọ́rẹ ní 1134. Ilé tó dúró níbẹ̀ lónìí, nǹkan bí 1140 ni wọ́n kọ́ ọ, Hugh yìí ni àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó ná owó rẹ̀. Ilé olódi Hugh wà lórí òkìtì gíga kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Òkìtì náà kò tíì kúrò. Àfọ́kù ògiri díẹ̀ ló kù lórí rẹ̀. Nínú pápá tó wà lápá kejì, ilẹ̀ ṣì ń rí gbágungbàgun níbi tí ilé àwọn ará abúlé àtijọ́ wà kí wọ́n tó di ahoro. Bí a bá dúró sí àgbàlá ibẹ̀, ètò ayé ìgbà náà hàn kedere: olúwa ilẹ̀ lókè, tálákà nísàlẹ̀, ilé Ọlọ́run láàárín wọn, ṣùgbọ́n ilé olódi ló sún mọ́ jù.

Ti Blythburgh kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú àtijọ́ ni. Ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé òkú ọba Anna lọ, ọba àwọn ará East Anglia tó kú sójú ogun nítòsí ibẹ̀ ní nǹkan bí 654. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ọjà wà níbẹ̀, ọkọ̀ ń gba orí odò wọlé, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Augustine sì ní ilé ìsìn kan létí ìlú. Ọlọ́lá kò ṣàì sí: John Hopton, olúwa ilẹ̀ ibẹ̀, kú ní 1478, ibojì mábù dúdú ìdílé rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ títí di òní. Ṣùgbọ́n Hopton kò dá a kọ́. Lágbègbè yẹn, àwọn tó ń múra ikú a máa kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún wọn pé kí wọ́n yọ iye kan nínú owó wọn fún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Wọ́n gbà gbọ́ pé ọkàn olóògbé ń la iná ìwẹ̀nùmọ́ kọjá kó tó dé ọ̀run, àdúrà àwọn tó kù láyé ló sì lè dín ọjọ́ rẹ̀ níbẹ̀ kù. Ẹni tó bá fi fèrèsé tàbí igi àjà sílẹ̀ fún ìjọ ti rí ohun tí yóò máa rán àwọn ọmọ àti aládùúgbò rẹ̀ létí láti gbàdúrà fún un.

Òfin ìjọ pàápàá ti pín iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń gba ìdámẹ́wàá ló ni ẹrù àtúnṣe ibi pẹpẹ. Àwọn ará páríṣì ló ni ẹrù ibi tí ìjọ ń dúró sí. Ní Blythburgh, ilé ìsìn àwọn àlùfáà ló yẹ kó bójú tó ibi pẹpẹ, àwọn ará ìlú sì ni apá tó kù. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọ́n fi òrùlé kan ṣoṣo bo méjèèjì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kò sí ògiri kankan tó dá wọn dúró láàárín.

Owó olóyè kan àti owó ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lọ síbì kan náà. Ní Kilpeck, ọnà pọ̀ sí ìta: ẹnu ọ̀nà, ìgbátí òrùlé, igun ògiri, gbogbo ibi tí àlejò yóò kọ́kọ́ rí bó ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sí ilé olódi ní láti mọ̀ pé ẹni ńlá ló ń gbé níhìn-ín. Ní Blythburgh, inú ni ọnà pọ̀ sí, òkè sì ni jù. Ẹni tó ti wọlé tó jókòó, tó gbé ojú sókè nígbà àdúrà, òun ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Bí wọ́n ṣe mọ ilé méjèèjì bá èyí mu. Kilpeck kéré. Yàrá mẹ́ta ni, wọ́n tẹ̀ léra láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn: ibi tí ìjọ ń jókòó, ibi tí àlùfáà ń dúró, àti ibi pẹpẹ tó rí róbótó lẹ́yìn. Ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, orí fèrèsé náà sì tẹ̀ roboto. Àwọn mọlémọlé ayé ìgbà náà kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ògiri tó bá ní ihò ńlá, pàápàá níbi tí òkúta bá ti fẹ́ di òrùlé fúnra rẹ̀, bí ó ti rí lókè pẹpẹ yìí. Nítorí náà òkùnkùn díẹ̀ wà nínú ilé, ojú sì ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà lọ́wọ́ iwájú.

Àwọn tó kọ́ Blythburgh ti mọ ohun mìíràn. Wọ́n ti mọ̀ pé bí orí ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé bá jẹ́ ṣóńṣó, ẹrù tó wà lórí rẹ̀ yóò máa tẹ ìsàlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì lè gbé e. Òrùlé wọn kì í ṣe òkúta, igi tí wọ́n fi òjé bò ni, kò wúwo tó ti òkúta. Nípa bẹ́ẹ̀ wọ́n lè lu ògiri sí fèrèsé lókè àti nísàlẹ̀, ìlà fèrèsé kan lórí òmíràn, títí ògiri fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó bá ti wo fèrèsé olórí ṣóńṣó ti Kàtídírà Christ Church ní Marina, Èkó, ti rí ọ̀kan nínú àrọ́mọdọ́mọ ìmọ̀ yìí. Suffolk kò ní òkúta ilé tó dára. Flint, òkúta dúdú líle tí wọ́n fi ń ṣáná, ló kún inú ilẹ̀ wọn. Òkúta funfun tí wọ́n fi ṣe igun àti fèrèsé ní láti gba orí omi wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n la flint sí méjì, wọ́n kọ ojú dídán rẹ̀ síta, wọ́n sì tò ó sáàárín òkúta funfun náà bí ẹni ń hun àrán. Lábẹ́ fèrèsé ìlà-oòrùn, wọ́n fi iṣẹ́ yìí ya ìlà lẹ́tà kan tí adé wà lórí wọn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí lẹ́tà wọ̀nyẹn dúró fún.

Ní ti ọwọ́ oníṣọ̀nà, Kilpeck kò ní ẹgbẹ́. Òkúta iyanrìn pupa àdúgbò ni wọ́n fi ṣe é, ó sì le ju bí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń le lọ. Ẹnu ọ̀nà gúúsù ni kí ẹ dúró tì. Òpó rẹ̀ kún fún ìtàkùn tó lọ́ mọ́ ara wọn. Àwọn jagunjagun kan tó wọ ṣòkòtò há sáàárín ìtàkùn náà. Lórí òpó kan, orí ènìyàn kan la ẹnu, ewéko sì ń tú jáde láti inú rẹ̀. Dírágónì àti ejò ń bá ara wọn jìjàkadì lórí òpó, orí ẹranko àti ẹyẹ sì tò yí òkè ẹnu ọ̀nà po. Ní àárín gbogbo rẹ̀, lókè ibi tí ènìyàn ń gbà wọlé, igi kan dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú èso rẹ̀: Igi Ìyè. Lára ògiri ìwọ̀-oòrùn, orí dírágónì yọ síta, ẹnu wọn là gbàgà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Scandinavia ti máa ń gbẹ́ wọn sára igi.

Ẹ wá rìn yí ilé náà ká. Lábẹ́ ìgbátí òrùlé ni orí òkúta kéékèèké yọ jáde, bí 85 nínú wọn ló kù. Ajá àti ehoro jókòó pọ̀ bí ọ̀rẹ́. Ọkùnrin kan ń ta ohun èlò olókùn. Àgùntàn wà, ẹyẹ wà, ẹranko tí kò ní orúkọ wà, Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run pẹ̀lú àgbélébùú rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Obìnrin kan wà pẹ̀lú tó fi ọwọ́ méjèèjì la ìhòòhò ara rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sheela-na-gig. Àwọn kan ní wọ́n gbẹ́ ẹ láti kìlọ̀ nípa àgbèrè. Àwọn kan ní láti lé ibi sẹ́yìn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi í ṣe ẹ̀rí pé àwọn agbẹ́kùúta ibẹ̀ ń bọ òrìṣà ní ìkọ̀kọ̀. Èmi kò gba èyí gbọ́. Àwọn oníṣọ̀nà tó ń rìn káàkiri Herefordshire ni wọ́n. Iṣẹ́ irú ọwọ́ wọn wà lára ọpọ́n ìrìbọmi ní Eardisley àti Castle Frome, ó sì wà ní Shobdon, ṣọ́ọ̀ṣì tí Oliver de Merlimond kọ́. Oliver yìí rin ìrìn-àjò mímọ́ dé Santiago de Compostela ní Sípéènì, àwọn ènìyàn mímọ́ tí wọ́n gbẹ́ léra lórí lára ẹnu ọ̀nà ibi pẹpẹ Kilpeck sì jọ ohun tó wà níbẹ̀. Kristẹni tó ní ojú inú ni àwọn tó gbẹ́ òkúta wọ̀nyí. Ohun tí baba wọn mọ̀, ohun tí àlejò mú ti òkèèrè bọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó sílé.

Ibi ni Kilpeck wá ń fi hàn ní ìta yìí, ó sì ń fi hàn bí ẹranko. Ejò ni, dírágónì ni, ohun tó ní eyín ni, òde ló wà. Bí o bá ti kọjá lábẹ́ Igi Ìyè, o ti bọ́.

Blythburgh kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé, ní ìpẹ̀kun ìjókòó àwọn ènìyàn, wọ́n gbẹ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sára igi. Ọ̀lẹ ń jí lórí ibùsùn. Alájẹkì di ikùn rẹ̀ mú. Ahun jókòó lé àpótí owó rẹ̀. Ọkùnrin kan wà pẹ̀lú tí wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ àbà. Kò sí dírágónì nínú wọn. Aṣọ ará ìlú ni wọ́n wọ̀, ojú aládùúgbò ni wọ́n ní, wọ́n sì ga dé ibi tí ọwọ́ olùjọ́sìn yóò dì mú bó bá fẹ́ dìde. Ìwàásù òkúta ti Kilpeck lágbára, ó sì ń bani lẹ́rù. Ti Blythburgh ló sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí àwọn tó gbẹ́ ẹ mọ̀ pé ibi kò dúró síta.

Lókè àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ wọ̀nyí ni àwọn áńgẹ́lì wà. Òrùlé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì ya òdòdó àti àmì orúkọ Jésù sí gbogbo igi rẹ̀. Ní àárín igi ńlá kọ̀ọ̀kan, áńgẹ́lì méjì kọ ẹ̀yìn síra, ọ̀kan kọjú sí pẹpẹ, èkejì kọjú sí ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn, ìyẹ́ wọn nà gbalaja. Igi ni wọ́n, ọ̀dà wọn sì ti ṣá, ṣùgbọ́n ojú wọn kò tíì parẹ́. Kò sí ohun kan ní Kilpeck tó lè mú kí ọkàn ènìyàn fò sókè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyà tó jẹ ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì kò tilẹ̀ dọ́gba. Ilé ìsìn àwọn àlùfáà Augustine ní Blythburgh tú ká ní 1537, nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ń gba ilé àti ilẹ̀ àwọn onísìn. Odò ń dí, ọkọ̀ ń dín kù, ọjà ń tú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1577, ọjọ́ Ìsinmi, ìjì àti àrá jà nígbà tí ìjọ wà nínú ìsìn. Ṣóńṣó orí ilé agogo wó la òrùlé wọlé, ó sì pa ọkùnrin kan àti ọmọdékùnrin kan. Wọ́n ní ajá dúdú kan ló wọlé lọ́jọ́ náà, tó sì ti ṣọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bungay kó tó dé ibẹ̀. Òǹkọ̀wé kan, Abraham Fleming, sáré tẹ ìtàn rẹ̀ jáde lọ́dún yẹn gan-an. Àpá iná wà lára ilẹ̀kùn àríwá títí di òní, wọ́n sì ń fi han àlejò pé èékánná ajá náà ni. Ìjì àti àrá ló fa ikú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Ó dùn mí pé ìtàn ajá ló gbajúmọ̀ ju ikú ọmọ náà lọ.

Lẹ́yìn náà ni William Dowsing dé, ní oṣù Kẹrin 1644, nígbà ogun abẹ́lé. Ilé aṣòfin ti pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwòrán àti ère inú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́, Dowsing ni wọ́n sì rán káàkiri Suffolk. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n sọ ogún kérúbù inú ṣọ́ọ̀ṣì náà kalẹ̀. Wọn kò ṣe é tán, bóyá nítorí òrùlé ga. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn ń sọ pé ọmọ ogun Dowsing ló yin ìbọn lu àwọn áńgẹ́lì, tí ihò fi wà lára wọn. Nígbà àtúnṣe ní àwọn ọdún 1970, wọ́n rí ọta òjé lára igi, wọ́n sì wo ìwé ìnáwó ìjọ. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ọta náà ti wá; ìjọ fúnra rẹ̀ ló sanwó fún àwọn tó ń yìnbọn pa ẹyẹ tó ń gbé inú òrùlé. Ó yẹ ká dá Dowsing láre lórí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bi rẹ̀ lórí àwọn yòókù kò kéré.

Gíláàsì aláwọ̀ Blythburgh ló fọ́ jù. Ìmọ́lẹ̀ funfun tí gbogbo àlejò ń yìn ní Blythburgh lónìí, kì í ṣe ohun tí àwọn tó kọ́ ọ fẹ́. Wọ́n fẹ́ pupa àti búlúù lórí ilẹ̀, ère nínú ihò ògiri, àwọ̀ kíkún lára àwọn áńgẹ́lì. Ohun tí a ń pè ní ẹwà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ òfò ni. Èyí ni mo máa ń rántí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní Kilpeck ló bá ti àtijọ́ mu jù. Òótọ́ ni: ìjì kò wó Kilpeck, ilẹ̀kùn rẹ̀ pé, abúlé rẹ̀ sì kéré débi pé kò sẹ́ni tó ní owó láti wó o kó lè kọ́ òmíràn. Ní Shobdon, tó ní ọlọ́rọ̀, wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n kó àwọn òkúta ọlọ́nà rẹ̀ lọ sórí òkè fún ọ̀ṣọ́ ọgbà, òjò sì ti fọ ojú wọn nù. Àìlówó ló ṣọ́ Kilpeck.

Àìlówó kan náà ló gba Blythburgh là, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ fi ojú rí nǹkan. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ti fi bíríkì dí àwọn fèrèsé kan, òjò ń rọ̀ wọlé. Ní 1881, bíṣọ́ọ̀bù ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí kó má baà wó pa ìjọ. William Morris àti ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1877 fún ààbò ilé àtijọ́ dá sí i. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n má sọ ọ́ di tuntun: kí igi tó jẹrà nìkan di pípààrọ̀, kí ìyókù wà bó ṣe wà. Awuyewuye pọ̀ láàárín wọn àti àwọn ará ibẹ̀, owó kò sì tó, iṣẹ́ náà fi lọ díẹ̀díẹ̀. Ìsìn tún bẹ̀rẹ̀ ní 1884. Bí owó bá pọ̀ ni, àwọn áńgẹ́lì wọ̀nyẹn ì bá ti gba ọ̀dà tuntun. Ní Kilpeck, George Robert Lewis ló ya àwòrán ọnà ibẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1842, láti ìgbà náà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n sì rọra ṣe é.

Bí ọwọ́ oníṣọ̀nà nìkan ni ìwọ̀n náà, Kilpeck ló wúwo jù, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ni ọ̀rọ̀ wa. Ní Kilpeck, ọlọ́lá kan ló kọ́lé, àwọn oníṣọ̀nà àrà ọ̀tọ̀ ló bá a ṣe é, àwọn ará abúlé sì wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ní Blythburgh, àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n fi owó ìhágún gbé òrùlé ró, àwọn ni wọ́n fojú kan ikú lábẹ́ rẹ̀, àwọn ni wọ́n fi bíríkì dí ihò rẹ̀ nígbà tí agbára wọn kò gbé gíláàsì. Blythburgh ni mo fún ní ipò kìíní.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lọ wo méjèèjì. Kilpeck kò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́sàn-án sí Hereford, ojú títì A12 sì gba ẹ̀gbẹ́ Blythburgh kọjá. Bí àyè kan ṣoṣo bá wà, Blythburgh ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì fi owó díẹ̀ sínú àpótí wọn fún àtúnṣe òrùlé.